Kí ilé oúnjẹ olówó ńlá tó dé Zangouettin, ta ló ti ń dáná níbẹ̀?

Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí a bá rí àwòrán rẹ̀ lórí ayélujára: abọ́ funfun kan tó fẹ̀ bí atẹ, tí oúnjẹ àárín rẹ̀ kò ju òkèlè kan lọ. Wọ́n fi ewé tín-ín-rín kan lé e lórí, wọ́n kán ọbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan á wá kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé, "Mo ti tọ́ ọ wò o, oúnjẹ gan-an dà?" Ẹ̀rín á sọ. Tí wọ́n bá tún dárúkọ iye tí wọ́n ń tà á, ẹ̀rín á di èébú.

Èmi kò sí nínú àwọn tó ń bú u. Oúnjẹ bẹ́ẹ̀ lè dùn débi pé èèyàn á máa rántí abọ́ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Kì í sì í ṣe ohun àjèjì sí wa tó bí a ṣe rò. Ohun tí mo fẹ́ jiyàn lé lórí ni ibi tí ọgbọ́n inú rẹ̀ ti ń wá. A máa ń rò pé inú hòtẹ́ẹ̀lì ńlá ni wọ́n ti ń hùmọ̀ rẹ̀, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun, tó dé fìlà gíga. Àdúgbò kan wà ní Ouagadougou, olú ìlú Burkina Faso, tó lè jẹ́ ká rí i pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Zangouettin ni wọ́n ń pè é. Ìjọba wó apá ńlá nínú rẹ̀ lulẹ̀ ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, kí ibẹ̀ lè di ibi tí irú hòtẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ máa wà.

Ká kọ́kọ́ sọ bí oúnjẹ náà ṣe rí fún ẹni tí kò tíì débẹ̀. Tí ẹ bá jókòó síbi tí wọ́n ti ń ṣe é, ẹ kò ní yan nǹkan kan fúnra yín. Alásè ló máa yàn fún yín. Abọ́ mẹ́fà, mẹ́jọ, nígbà míì méjìlá ló máa wá, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, láàárín wákàtí méjì sí mẹ́ta. Ẹni tó gbé e wá á dúró ṣàlàyé: ibi tí ẹja náà ti wá, ìdí tí wọ́n fi yan án, ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sè é bẹ́ẹ̀. Abọ́ kan lè gbé yín dé Japan, kí èyí tó tẹ̀ lé e gbé yín padà sí Kánò. Ìdí tí ìwọ̀n rẹ̀ fi kéré kò ju pé wọ́n fẹ́ kí ẹ lè fi ìfẹ́ tí ẹ fi jẹ abọ́ àkọ́kọ́ jẹ ìkẹwàá. Ní Yúróòpù pàápàá, àṣà náà kò pẹ́ tó bí wọ́n ṣe ń ṣe bí ẹni pé ó pẹ́. Títí wọ inú ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ńṣe ni wọ́n máa ń kó oúnjẹ àwọn ọlọ́lá jọ sórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà àwọn ará Rọ́ṣíà ni wọ́n wò kí wọ́n tó máa gbé e wá níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di àwọn ọdún 1970 ni àwọn alásè ilẹ̀ Faransé kan wá ń dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, tí wọ́n sì ń wo bí àwọn ará Japan ṣe ń ṣe tiwọn.

Ẹni tó bá ti jókòó níbi ìsọmọlórúkọ rí ti jẹ irú oúnjẹ yìí. Kò sẹ́ni tó ń bu oyin kún abọ́ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Wọ́n á fi díẹ̀ kan ọmọ lẹ́nu, wọ́n á sọ ohun tí oyin dúró fún, wọ́n á gbé e yí ká kí gbogbo ilé tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ataare ní tirẹ̀. Obì, orógbó, omi, epo, bí ìdílé kọ̀ọ̀kan bá ṣe ń ṣe é. Ẹni tó jẹ orógbó tó sì mu omi lé e mọ̀ pé omi yẹn máa ń dùn ju omi lọ, nítorí pé ẹnu ti kọ́kọ́ korò. Alásè kan ní Paris lè fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ irú ọgbọ́n yẹn kó sì gba owó gọbọi lórí rẹ̀. Àwọn àgbà wa ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, kí ìrẹsì tó dé. (N kò bá ẹni tó sọ pé ìrẹsì yẹn gan-an lòun ń dúró dè jà.)

Ibùsọ̀ àwọn àlejò

Orúkọ Zangouettin fúnra rẹ̀ ti sọ ìtàn. Zango ni àwọn Hausa ń pe ibi tí àwọn oníṣòwò ọ̀nà jíjìn ti máa ń sọ ẹrù kalẹ̀ sinmi. Ọ̀rọ̀ náà ló di zongo ní Accra àti Kumasi. Ní Ouagadougou, ẹnu àwọn Mossi, tó ni ìlú, ló sọ ọ́ di Zangouettin. Ìlú Mogho Naba, ọba àwọn Mossi, ni Ouaga, ó sì wà lójú ọ̀nà tí obì ń gbà gòkè láti ilẹ̀ Ashanti, tí iyọ̀ àti màlúù ń gbà sọ̀ kalẹ̀ láti àríwá. Àwọn Hausa ló kọ́kọ́ pọ̀ ní àdúgbò àlejò yìí. Àwọn oníṣòwò láti ibòmíì tẹ̀ lé wọn, àwọn Yorùbá sì wà lára wọn. Àárín ìlú ló wà, nítòsí mọ́sálásí ńlá àti ọjà Rood-Woko. Ẹni tó mọ Sábó ní Ìbàdàn ti mọ irú àdúgbò tí mò ń sọ, àfi pé ní Ouaga, àwa náà wà lára àlejò.

Àlejò lè fi ilé sílẹ̀, ó lè fi oko sílẹ̀, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ń bá a lọ. Obìnrin tó bá ọkọ rẹ̀ dé ìlú tí wọn kò ti gbọ́ èdè rẹ̀, ọ̀kan lára ohun tó máa kọ́kọ́ wá ni èlò ọbẹ̀. Kò ní rí gbogbo rẹ̀. Á fi ti ìlú náà dí àlàfo ibẹ̀. Ọmọ aládùúgbò á wá ra, á ní kó dín ata kù, òmíràn á ní kó fi kún un. Tó bá fi máa di ọdún mẹ́wàá, oúnjẹ náà ò ní jẹ́ ti ilé mọ́, kò sì ní jẹ́ ti ìlú náà pátápátá. Tí alásè bá ṣe iṣẹ́ yẹn nílé oúnjẹ olówó ńlá, wọ́n á ní ó ní ọgbọ́n àtinúdá, wọ́n á ní gbogbo ayé ló pé sínú abọ́ rẹ̀. Ní zango, oúnjẹ àárọ̀ ni wọ́n ń pè é.

Ẹ wo àkàrà. Samsa ni wọ́n ń pè é ní Burkina Faso. Àwọn Hausa ní kosai, àwọn ará Ghana ní koose, ó sì sọdá òkun di acarajé ní Bahia, ní orílẹ̀-èdè Brazil, níbi tí wọ́n ti ń là á láàárín tí wọ́n ń kó edé sí i. Soumbala tiwọn ni irú tiwa, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní dàddáwà: igi kan náà ló ń so ó, bí wọ́n ṣe ń sè é tí wọ́n sì ń bò ó títí táá fi gba òórùn yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Koura-koura ni kúlíkúlí. Òrí tí àwa fi ń para, wọ́n fi ń se oúnjẹ níbẹ̀. Alloco ni dòdò, láti Côte d'Ivoire ni orúkọ yẹn ti rìn wá. Máásà tí àwọn kan lára wa ń pè ní wàínà, froufrou ló ń jẹ́ lẹ́nu ará Ouaga. Ọmọ Yorùbá tó bá ń rìn kiri nínú ọjà ibẹ̀ á kàn máa pàdé ojúlùmọ̀ tó ti yí orúkọ padà ni.

Ní nǹkan bí ọdún 2000, ìjọba Blaise Compaoré gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ZACA, ìyẹn àgbègbè fún okòwò àti iṣẹ́ ìjọba. Wọ́n fẹ́ kí àárín Ouagadougou ní báńkì, ọ́fíìsì, hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé ìtajà ìgbàlódé. Zangouettin, Bilibambili àti Tiedpalogo wà lára àwọn àdúgbò tí ètò náà bá. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ fẹ̀hónú hàn, wọ́n kojú ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n nígbà tó di 2003, katakata ti wọlé. Wọ́n fún àwọn onílé ní owó gbà-má-bínú, wọ́n sì pín ilẹ̀ fún wọn lápá Ouaga 2000, jìnnà sí àárín ìlú. Ilẹ̀ tí wọ́n lé wọn kúrò lórí rẹ̀ wá ṣófo fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún yẹn kan náà ni iná jó ọjà Rood-Woko, ní ọjọ́ 27 oṣù May, ọjà náà kò sì ṣí padà títí di 2009. Obìnrin tó bá ń dín samsa lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Zangouettin, tó sì ń ra èlò rẹ̀ ní Rood-Woko, pàdánù méjèèjì láàárín ọdún kan.

Ẹni tí wọ́n bá fún ní ilẹ̀ lẹ́yìn ìlú lè kọ́lé sí i. Kò lè kó aládùúgbò rẹ̀ dání lọ síbẹ̀. Ẹni tó ń fún un ní ata láwìn, ẹni tó fi hàn án bí wọ́n ṣe ń gún soumbala kó tó wọ ọbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti awakọ̀ tó ń dúró nídìí agbada rẹ̀ láàárọ̀, ìwé gbà-má-bínú kò ní ìlà tí wọ́n ń kọ ìyẹn sí. Ó ṣòro fún mi láti rí bí àwọn tó ya àwòrán ètò náà á ṣe mọ̀ pé ilé ìdáná ni àwọn ń wó. Lójú wọn, ilé amọ̀ àti páànù ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ti Ouaga nìkan nìyẹn. Ní oṣù July 1990, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó lábẹ́ Raji Rasaki wó Maroko, níbi tí wọ́n fojú bù ú pé èèyàn tó tó 300,000 ń gbé. Lónìí, ilé gogoro Oniru àti ti apá Victoria Island tó sún mọ́ ọn ló wà lágbègbè yẹn, oúnjẹ alẹ́ ẹni méjì níbẹ̀ sì lè gbà ju ₦70,000 lọ, ìyẹn owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024. Àwọn tó ń jẹun níbẹ̀ kò ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò tíì dáyé nígbà tí wọ́n wó Maroko.

Láti zango dé London

Ní February 2024, ilé oúnjẹ kan tó ń jẹ́ Chishuru ní London gba ìràwọ̀ Michelin, èyí tí àwọn alásè ayé ń lé bí eléré bọ́ọ̀lù ṣe ń lé ife ẹ̀yẹ. Adejoké Bakare ló ni ín, òun sì ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba ìràwọ̀ náà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ló kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́. Ó borí nínú ìdíje kan ní Brixton ní 2019, ó ṣí ilé oúnjẹ síbẹ̀ ní 2020, ó sì kó o lọ sí Fitzrovia ní 2023. Lára ohun tó ti gbé síwájú àwọn oníbàárà rẹ̀ ni sinasir, oúnjẹ Hausa tí wọ́n ń fi ìrẹsì tó ti kan díẹ̀ dín, àti ẹ̀kuru. Ẹ̀kuru, ẹ jọ̀wọ́! Oúnjẹ tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń sá fún nílé, tí wọ́n ní ó ń há àwọn lọ́fun. Ẹ̀gúsí ni Bakare fi ṣe tirẹ̀ dípò ẹ̀wà, ó sì fi ọbẹ̀ ata sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Lọ́jọ́ kan náà ni Akoko, ilé oúnjẹ tí Aji Akokomi dá sílẹ̀ ní London, gba ìràwọ̀ tirẹ̀. Kí wọ́n tó dé rárá ni Ikoyi ti wà níbẹ̀, tó gba orúkọ rẹ̀ lára àdúgbò tí gbogbo wa mọ̀ l'Ékòó: Iré Hassan-Odukale, ọmọ Nàìjíríà, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Jeremy Chan, tó jẹ́ ọmọ China lápá kan àti ọmọ Kánádà lápá kejì, ló dá a sílẹ̀ ní 2017. Ó gba ìràwọ̀ kan lọ́dún kejì, ó gba èkejì ní 2022. Ní ilẹ̀ Faransé, Georgiana Viou, tí wọ́n bí ní Cotonou, gba ìràwọ̀ ní 2023 fún ilé oúnjẹ Rouge ní ìlú Nîmes. Mory Sacko ti gba tirẹ̀ ní 2021 fún MoSuke ní Paris, níbi tó ti ń pa oúnjẹ Áfíríkà pọ̀ mọ́ ti Japan àti ti Faransé.

Inú mi dùn sí gbogbo wọn, mo sì gbà pé iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe. Ohun tí mo máa ń kíyè sí nínú ìròyìn tí wọ́n ń kọ nípa wọn ni pé ńṣe ló máa ń dà bí ẹni pé alásè kan jókòó, ó ronú, oúnjẹ sì bọ́ sílẹ̀ láti ọ̀run. Ẹ tún wo ìtàn Bakare. Kaduna ló dàgbà sí, ìlú tí ìjọba amúnisìn dá sílẹ̀, tí Hausa, Yorùbá, Igbo àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà míì wá ń gbé pọ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ tó ń jẹ́ Adejoké ti lè mọ sinasir bó ṣe mọ ẹ̀kuru. Brixton, níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, àdúgbò àlejò ni òun náà: àwọn ará Jàmáíkà àti àwọn erékùṣù yòókù tó dé sí London lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ló sọ ọ́ di ohun tó jẹ́, owó ilé tó ń ga níbẹ̀ ló sì ń lé àwọn ọmọ wọn jáde báyìí. Ẹ yọ Kaduna àti Brixton kúrò, kí ẹ wá wo bóyá Chishuru á wà.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ìlú tó bá fẹ́ ní ilé oúnjẹ tó lókìkí kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí wíwó àdúgbò àlejò rẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì lè ra fìríìjì, ó lè ra abọ́ láti Limoges, ó lè háyà alásè láti Lyon. Kò lè ra ogójì ọdún tí obìnrin Hausa àti obìnrin Mossi fi ń gbé lójúkojú, tí wọ́n ń jí ọbẹ̀ ara wọn wò.

Ẹnì kan lè bi mí bóyá Ouaga ní ilé oúnjẹ tó súnmọ́ irú èyí tí mò ń sọ. Ó ní, ó sì yani lẹ́nu. L'Eau Vive ni wọ́n ń pè é, ó wà láàárín ìlú, kò jìnnà sí ọjà ńlá. Àwọn obìnrin ẹ̀sìn Kátólíìkì ló ń ṣe é, lábẹ́ ẹgbẹ́ kan tí àlùfáà ilẹ̀ Faransé kan, Marcel Roussel, dá sílẹ̀ ní 1950. Ẹgbẹ́ náà ní irú ilé oúnjẹ yìí ní Rome, ní Lima àti ní Bobo-Dioulasso pẹ̀lú. Láti oríṣiríṣi ilẹ̀ ni àwọn arábìnrin náà ti wá, oúnjẹ Faransé ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀, àmọ́ ẹ lè bá ti ilẹ̀ àwọn tó ń dáná níbẹ̀ pàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí alẹ́ bá lẹ́ díẹ̀, wọ́n á dáwọ́ iṣẹ́ dúró, wọ́n á kọrin Ave Maria láàárín àwọn oníbàárà, Mùsùlùmí, Kristẹni àti ẹni tí kò ṣe ọ̀kankan, wọ́n á sì padà sídìí abọ́. Èmi rí zango míì nínú ìyẹn: àwọn obìnrin tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá, tí ìkòkò so pọ̀.

Jíjókòó jẹun níta ní Ouaga kì í ṣe ohun kékeré mọ́. Ní January 15, 2016, àwọn agbébọn kọlu ilé oúnjẹ Cappuccino àti hòtẹ́ẹ̀lì Splendid ní òpópónà Kwame Nkrumah, ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n wó fún ZACA. Ó tó 30 èèyàn tó kú. Ní August 13, 2017, wọ́n tún kọlu ilé oúnjẹ Aziz Istanbul lójú òpópónà kan náà, ó kéré tán èèyàn 18 ló bá a lọ. Àwọn tó kú jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè púpọ̀, nítorí ibi tí oníkálukú ti ń jẹun ni wọ́n lọ. Ó dà bíi pé àwọn apànìyàn náà mọ ohun tí tábìlì bẹ́ẹ̀ dúró fún, bóyá jù bí àwa tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Kí ni ìlú tí ogun ń dà láàmú fẹ́ fi abọ́ méje ṣe?

Ìbéèrè yẹn tọ́, mi ò ní yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó di oṣù March 2023, iye tí ìjọba Burkina Faso fúnra rẹ̀ gbé jáde fi hàn pé ó lé ní mílíọ̀nù méjì èèyàn tí ogun ti lé kúrò nílé wọn nínú orílẹ̀-èdè náà. Ẹni tó ń wá ọkà tó máa fi bọ́ ọmọ kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ abọ́ ńlá. Thomas Sankara pàápàá, nígbà tó ń ṣèjọba láàárín 1983 sí 1987, sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ pé tí wọ́n bá ń wá ibi tí àwọn amúnisìn wà, kí wọ́n wo inú abọ́ wọn, kí wọ́n wo ìrẹsì àti àgbàdo tí wọ́n kó wọlé láti òkèèrè. Ṣé oúnjẹ Japan àti Faransé la tún fẹ́ kó lé e?

Mo rò pé ọ̀rọ̀ Sankara gbè mí lẹ́sẹ̀. Ohun tó ń bínú sí ni abọ́ tí kò sí nǹkan ilẹ̀ náà nínú rẹ̀, tí àgbẹ̀ ibẹ̀ kò rí owó gbà lórí rẹ̀. Ilé oúnjẹ tó bá ń ra fonio, soumbala àti òrí lọ́wọ́ àwọn obìnrin abúlé, tó sì ń san iye tó yẹ, ń ṣe ohun tó fẹ́ gan-an, kódà tó bá fi ọgbọ́n Japan gbé e kalẹ̀. Ní ti àwọn tí ogun lé, ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa: àwọn ni àlejò tuntun. Àwọn obìnrin láti àríwá àti ìlà-oòrùn ń dé sí etí Ouagadougou pẹ̀lú ìkòkò lórí àti ọ̀nà oúnjẹ tí ará Ouaga kò mọ̀. Zangouettin míì ló ń gbérí lójú wa, láìsí orúkọ. Ìbéèrè tó kàn ni bóyá ìlú á gbà kí wọ́n dáná síbi tí èèyàn á ti rà á, àbí àwọn òṣìṣẹ́ ìlú á máa dojú agbada wọn dé láàárọ̀ láàárọ̀.

Ó tún kàn wá. Láti January 29, 2025 ni Burkina Faso, Mali àti Niger ti jáde kúrò nínú ECOWAS. Yorùbá tó bá gbé ní ilẹ̀ àlejò kò lè fojú kékeré wo ìyẹn. Àwọn àgbà wa tí ìjọba Busia lé kúrò ní Ghana lẹ́yìn àṣẹ November 1969, tí wọ́n fún ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, wọ́n fi gbèsè sílẹ̀, wọ́n sì fi ìdáná sílẹ̀.

Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá máa kọ́ ilé oúnjẹ ńlá sórí ilẹ̀ Zangouettin, mo fẹ́ kí ó ṣe é, mo sì fẹ́ kó gbówó lórí. Kí wọ́n kọ orúkọ obìnrin tó ṣe soumbala sórí ìwé oúnjẹ, bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ẹni tó ṣe wáìnì. Kí ìjọba ìlú fi òpópónà kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún àwọn tó ń tajà lórí iná, kí owó ilẹ̀ ibẹ̀ má ju agbára wọn lọ. Kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ alásè lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ wọn kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọ̀bẹ hòtẹ́ẹ̀lì.

Tí wọ́n bá ní kí èmi to abọ́ méje náà, samsa kan ṣoṣo ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, gbígbóná, pẹ̀lú àkàrà kan tí wọ́n fi epo pupa dín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹnu fúnra rẹ̀ sọ èwo ni ẹ̀gbọ́n. Lẹ́yìn náà ni zoom-koom nínú ife kékeré, ohun mímu ọkà bàbà tí wọ́n fi atalẹ̀ sí, tó ń ta ọ̀nà ọ̀fun jí. Ẹ̀kẹta, babenda, ewé tí àwọn Mossi ń sè pẹ̀lú ọkà nígbà tí oúnjẹ bá ti fẹ́ tán nínú àká. Kí ẹni tó gbé e wá sọ ìtàn ìyẹn, kó má sáré sọ ọ́. Ẹja capitaine tí wọ́n yan, tí wọ́n fi soumbala àti òrí pa lára. Máásà kan tó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé pẹ̀lú wàrà Fúlàní. Adìẹ tí wọ́n ń pè ní poulet bicyclette, ìyẹn adìẹ ìbílẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tí ẹran rẹ̀ sì yi, tí wọ́n máa ń so mọ́ kẹ̀kẹ́ gbé lọ sọ́jà. Egungun rẹ̀ ni kí wọ́n gbé wá, ká fi ọwọ́ jẹ ẹ́, kí a gbàgbé fọ́ọ̀kì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Abọ́ ìkẹyìn á jẹ́ dégué, jéró àti wàrà dídì tó tutù, pẹ̀lú stróbẹ́rì lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í gbà gbọ́ pé stróbẹ́rì ń hù nínú Ouagadougou, lẹ́bàá omi ìsédò Boulmiougou, lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tó ń fi ọwọ́ bomi rin ín. Láti January sí March ni wọ́n ń kárùn-ún rẹ̀ wá sọ́jà. Tó bá ti tán, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, máńgòrò Orodara á ti máa dé.